Okùn Oníkókó Màmá Àgbà

Ìṣó nìkan ló kù lára ògiri. Bàbá Àgbà dúró níwájú wọn pẹ̀lú bùrọ́ọ̀ṣì kékeré tó fi máa ń gbọn eruku. Èmi náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́.

"Ta ló kó àwọn okùn yẹn?" ni ó bi mí.

Ohùn rẹ̀ kò le. Ká ní ó pariwo ni, bóyá ǹ bá ti jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ló béèrè, bí ẹni tó ń béèrè aago mélòó ló lù, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì wá lánàá nígbà tí ẹ ń sùn," ni mo fèsì.

Òótọ́ ni. Àǹtí Nọ́ọ̀sì wá, ó gbé oúnjẹ àti oògùn wá, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò fọwọ́ kan okùn kankan. Láti ìdájí ni mo ti ń to gbólóhùn yẹn sílẹ̀, mo sì mọ iṣẹ́ tí yóò ṣe. Ìdajì òótọ́ ni mo sọ, mo fi ìdajì yòókù sílẹ̀ kí bàbá arúgbó náà fi ọkàn ara rẹ̀ parí rẹ̀.

Kí ẹ tó bínú sí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ irú okùn tó jẹ́.

Télọ̀ ni Bàbá Àgbà. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni òun àti Màmá Àgbà fi ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé. Bàbá ló ń gé aṣọ, òun náà ló ń rán an. Màmá ló ń wọn àwọn oníbàárà. Màmá Àgbà kò kàwé. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, kò lè ka nọ́ńbà ara téèpù, ló bá mú okùn òwú funfun, ó fi ń wọn èèyàn, ó sì ń ta kókó síbi tó yẹ: kókó kan fún ọrùn, òmíràn fún èjìká, òmíràn fún apá, fún ìbàdí, títí dé ẹsẹ̀. Bàbá Àgbà kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n aṣọ tó bá fi okùn ìyàwó rẹ̀ gé kì í fún, kì í sì í tóbi jù, ẹ̀rín náà kò sì lọ jìnnà.

Láti ìgbà náà, oníbàárà kan, okùn kan, ìṣó kan. Ìṣó mẹ́tàdínláàádọ́rin ló wà lára ògiri yẹn. Bí ẹnìkan bá sanra, Màmá Àgbà á ta kókó tuntun síwájú ti àtijọ́, á wá wojú onítọ̀hún tìyanutìyanu, á ní: "Ẹ rọra máa jẹun o, okùn mi fẹ́ tán."

Ní oṣù mẹ́rin ṣáájú àárọ̀ tí mò ń sọ yìí, Màmá Àgbà jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ní òun fẹ́ sinmi díẹ̀. Kò dìde mọ́.

Bàbá Àgbà fi aṣọ bo máṣíìnì rẹ̀. Kò gé aṣọ mọ́, kò sì gba iṣẹ́ mọ́. Màmá mi ní kí n wá máa bá a gbé kí ìdáwà má baà dá a láàmú, nítorí ilé ẹ̀kọ́ wa kò jìnnà síbẹ̀. Ohun tí mo ń rí láràárọ̀ nìyí: á sọ àwọn okùn náà kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á gbọn eruku wọn, á bá wọn sọ̀rọ̀, á sì dá wọn padà sórí ìṣó. "Ìyá àwọn ọmọ mi, èjìká ọ̀gbẹ́ni yìí kò dọ́gba, ṣé o rántí?" Á dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń retí èsì, lẹ́yìn náà á mú òmíràn. Okùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó máa ń fi kẹ́yìn. Kókó ara rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn tó kù lọ, òwú pupa sì wà lára kókó kọ̀ọ̀kan. N kò béèrè ẹni tó ni ín rí.

Ìdánwò àṣekágbá wa ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a ń pè ní Gọ́gọ́rọ̀ nítorí pé ó ga wá bá mi kàwé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. A ò tíì ṣí ìwé dáadáa tó fi gbọ́ ohùn Bàbá Àgbà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó lọ yọjú. Nígbà tó padà dé, ó ti fọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣé okùn ni bàbá yín ń bá sọ̀rọ̀ ni?"

"Ó ń gbàdúrà ni," ni mo sọ.

"Àdúrà wo? Mo gbọ́ tó ní ikùn ẹnìkan ti yọ!"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kí n má parọ́ míì kún un, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ajé, gbogbo kíláàsì ti ń pè mí ní Ọmọ Bàbá Olókùn. Ẹnìkan so okùn mọ́ àga mi. Òmíràn ní ṣé okùn wa náà máa wá jókòó ṣèdánwò ni. Ìtìjú pa mí débi pé n kò lè jẹun ọ̀sán.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì sì ti da epo sí iná náà láìmọ̀. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni, ilé ìwòsàn ló ń bá ṣiṣẹ́, òun ló sì ń tọ́jú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá Àgbà. Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó wo ògiri, ó wo abọ́ oúnjẹ tí bàbá rẹ̀ kò fọwọ́ kàn, ó ní: "Bàbá, àwọn okùn yìí ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ gbádùn. Lọ́jọ́ kan, màá kó gbogbo ẹ̀ dànù."

"O ò tó bẹ́ẹ̀," ni Bàbá Àgbà sọ, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Àǹtí sọ ọ́, kò ṣe é. Èmi tí n kò sọ nǹkan kan ni mo ṣe é.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ilé ẹ̀kọ́ ti ní ká máa kàwé nílé. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí Àǹtí lọ, tí Bàbá Àgbà ṣì ń sùn nínú yàrá, mo mú téèpù àti ìwé ìṣirò mi wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo wọn okùn kọ̀ọ̀kan láti kókó dé kókó, mo kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa: ìṣó kìíní, iye báyìí, ìṣó kejì, iye báyìí. Mo sọ fún ara mi pé oore ni mò ń ṣe. Kò sí ohun tó sọnù, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé, bàbá yóò sinmi, ẹnu àwọn Gọ́gọ́rọ̀ yóò sì pa. Mo kó àwọn okùn náà sínú àpò kan, mo gbé e síta sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn pàálì òfìfo tí bàbá ọlọ́mọlanke máa ń wá kó. Nígbà tí mo gbọ́ tí táyà ọmọlanke rẹ̀ ń lọ lórí òkúta, ọkàn mi fúyẹ́. Mo tilẹ̀ sùn dáadáa.

Bí a ṣe dé àárọ̀ Ọjọ́rú nìyẹn, níwájú ìṣó òfìfo, tí mo fi ìdajì òótọ́ di ẹrù lé ẹlòmíràn lórí.

Lọ́sàn-án, Àǹtí Nọ́ọ̀sì gbé oúnjẹ dé bó ṣe máa ń ṣe. Bàbá Àgbà ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Má wọlé."

Àǹtí rò pé eré ni. "Bàbá, kí ló dé? Ẹsẹ̀ mi dọ̀tí ni?"

"Mo ní kó o má wọlé. Okùn ìyá ẹ dà?"

"Okùn wo? Bàbá, mi ò fọwọ́ kan okùn kankan o!"

"Ẹnu ẹ ni mo ti gbọ́ ọ. O sọ ọ́ lójú mi, o wá ṣe é lẹ́yìn mi. Gbé oúnjẹ ẹ. Gbé oògùn ẹ náà. Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ mọ́."

Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn látinú. Àǹtí kan ilẹ̀kùn, ó bẹ̀bẹ̀, ó búra, ilẹ̀kùn náà kò ṣí. Ó wá yíjú sí mi.

"Ìwọ, o wà nílé lánàá. Ta ló kó o?"

Mo wo ilẹ̀. Ó wò mí pẹ́, ṣùgbọ́n kò rò ó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ti oògùn náà bọ̀ mí lọ́wọ́. "Jọ̀ọ́, wá bí o ṣe máa ṣe é tó máa fi lò ó. Kò lò ó láàárọ̀ yìí. Bí ẹ̀jẹ̀ yẹn bá ru kọjá ààlà, ẹ̀gbẹ́ kan ara ẹ̀ lè rọ. Mo máa ń rí i lẹ́nu iṣẹ́. Kì í pẹ́ rárá."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì bú sẹ́kún. Obìnrin tí kò sunkún lójú wa lọ́jọ́ tí a sin ìyá rẹ̀, tó ń pín omi fún àlejò, tó ń sọ fún gbogbo wa pé ká mọ́kàn le, ló jókòó síbẹ̀ tó ń sunkún bí ọmọdé nítorí irọ́ mi. Síbẹ̀, n kò sọ ọ́. Ojú ń tì mí láti jẹ́wọ́. Kò sì tì mí láti parọ́. Ẹ̀dá ọmọ èèyàn mà kúkú le o.

Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣì wà ní títì. Mo kan ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jẹun. Ẹ wá lo oògùn."

"Mi ò fẹ́."

Ohùn náà ti rẹ̀ dáadáa. Mo fi ojú sí ihò kọ́kọ́rọ́. Bàbá Àgbà wà lórí ìkúnlẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, ó ń fọwọ́ tọ́ ilẹ̀ kiri, lábẹ́ àpótí, lábẹ́ máṣíìnì, bí ẹni tí abẹ́rẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣáá: "Kí ni màá fi mọ̀ báyìí? Kí ni màá fi mọ̀?" Lẹ́yìn náà ó di ẹsẹ̀ máṣíìnì mú, ó fẹ́ dìde, kò lè dìde. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì.

"Bàbá, èmi ni!" Mo pariwo ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara ilẹ̀kùn. "Èmi ni mo kó wọn. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Èmi ni mo kó wọn fún bàbá ọlọ́mọlanke. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wọ́ bọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Ojú rẹ̀ pọ́n, ẹ̀wù rẹ̀ sì rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn bí aṣọ tí a fi kọ́ igi. Mo rò pé yóò gbá mi létí, mo tilẹ̀ na ojú mi sí i. Kò gbá mi. Mo na ìwé ìṣirò mi sí i dípò.

"Gbogbo ẹ̀ wà níbí, Bàbá. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀."

Ó ṣí ìwé náà. "Ta ni ìṣó kìíní?"

N kò mọ̀.

"Kí ni kókó kẹta ẹ̀?"

"Ìbàdí?"

"Apá òsì. Ó já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́ ní kékeré, apá òsì ẹ̀ kúrú. Ìyá yín nìkan ló máa ń wọn apá ẹ̀ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀." Ó pa ìwé náà dé. "Nọ́ńbà rèé. Èèyàn dà? Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ńkọ́, ṣé o kó ìyẹn náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó di férémù ilẹ̀kùn mú. "Èmi ni mo ni ín. Ní àyájọ́ ọjọ́ tí a ṣí ṣọ́ọ̀bù yìí, lọ́dọọdún, ìyá yín máa ń wọ̀n mí ní ìbàdí, á ta kókó kan. Ó ní òun fẹ́ máa mọ̀ bóyá mò ń jẹun dáadáa. Kókó mẹ́rìnlélógójì, ọwọ́ ẹ̀ ló ta gbogbo ẹ̀." Ó ti ìwé náà padà bọ̀ mí lọ́wọ́. "Ẹ̀yin rò pé orí mi ti dàrú. Bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Mo mọ̀ pé ó ti kú. Ọwọ́ mi ni mo fi bu yẹ̀pẹ̀ lé e. Mo kàn ń dágbére fún un díẹ̀díẹ̀ ni, o ò wá jẹ́ kí n ṣe é tán."

Ẹkún gbé mi mì. Bó ṣe máa ń rí nígbà tí mo wà ní kékeré, ó dúró kí n sun ún tán. Lẹ́yìn náà ó ní: "Pe ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ. Sọ fún un pé mo ní kó máa bọ̀."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì sáré dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Mo jẹ́wọ́ lójú òun náà. Kó tó bá mi sọ̀rọ̀, Bàbá Àgbà ti na ọwọ́ gba oògùn, ó gbé e mì lójú rẹ̀, ó sì ní: "Ọmọ mi, máà bínú. Mo ṣẹ̀ ọ́." Bàbá ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ló ń bẹ ọmọ rẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi dá. Ká ní ilẹ̀ lanu nígbà yẹn, ǹ bá ti bọ́ sínú rẹ̀.

Àǹtí wojú mi. "Èmi pẹ̀lú ẹ ṣì máa sọ̀rọ̀. Níbo ni ọlọ́mọlanke ń kó pàálì lọ?"

Ọgbà tí wọ́n ń ra pàálì wà lẹ́yìn títì ńlá. Bí àwa mẹ́ta ṣe dé ẹnu géètì ni a rí bàbá ọlọ́mọlanke, ó ń sinmi lábẹ́ òjìji ògiri.

"Àpò okùn kan? Háà, okùn tó yi ni!" ni ó sọ tayọ̀tayọ̀. "Mo ti fi di pàálì. Òmíì gùn jù, mo gé e sí méjì."

Mo wo inú ọgbà. Lọ́rì kan ti wà níbẹ̀, wọ́n ti ń to ẹrù pàálì sínú rẹ̀, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Okùn funfun Màmá Àgbà wà lára ẹrù níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Bàbá Àgbà lọ bá ẹrù tó wà nílẹ̀, ó fi ìka tọ́ kókó ara rẹ̀.

"Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ nìyí," ni ó sọ. Ó kọjá sí èkejì. "Obìnrin tó ń ṣe búrẹ́dì nìyí."

Obìnrin tó ni ọgbà náà sáré jáde, ìwé lábẹ́ apá. "Ẹ fi ẹrù yẹn sílẹ̀ o! Wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ tú u. Bí dẹ́rẹ́bà bá ti jẹun tán, ó ń lọ nìyẹn."

Àǹtí fẹ́ fún un lésì, ṣùgbọ́n mo ti kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ọwọ́ màmá wa ni. Ó ti kú, èmi ni mo kó o dànù. A ó fi okùn míì dì í kí a tó tú èyí. Pàálì kan ò ní já bọ́."

Obìnrin náà wò mí, ó wo bàbá arúgbó tó ń fọwọ́ ka okùn bí ẹni ń ka lẹ́tà. Ó kó okùn ọ̀rá kan jáde nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó jù ú sí mi. "Ẹ ṣe kíá. Dẹ́rẹ́bà yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

A bẹ̀rẹ̀. Àǹtí ń dì, èmi ń tú, Bàbá Àgbà ń gbà á, ó ń ka orúkọ iṣẹ́ wọn sókè. Okùn ọ̀rá gé mi ní ìka, n kò dúró wò ó. Mẹ́wàá. Ogún. Kò sí pupa níbẹ̀. Dẹ́rẹ́bà jáde, ó ń nu ẹnu, ó gun ọkọ̀, ó tanná sí i. Èéfín bo gbogbo wa lójú.

"Ó ti tó!" ni obìnrin náà kígbe.

Mo fò gun ẹ̀yìn lọ́rì. Àǹtí ń pariwo pé kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo ti pàálì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ti èkejì, ìgbà náà ni mo rí òwú pupa lára ẹrù kékeré kan, àti lára èkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò ráyè fi okùn míì dì í. Mo tú méjèèjì, mo fi eyín di okùn mú, mo fò sílẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Orúnkún mi bó. Pàálì méjì já bọ́ tẹ̀lé mi, obìnrin náà sì bú mi tó bó ṣe yẹ kó bú mi.

Okùn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni a gbé padà wálé. Àwọn tó kù bá lọ́rì lọ.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Àgbà so apá méjèèjì okùn pupa náà pọ̀. Ó fẹ́ fi wọn ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà fún un. Ó nà án sí mi.

"Ìwọ ni kó o wọ̀n mí."

Mo fi okùn yí i ní ìbàdí. Síso tí ó so ó ti mú kí okùn náà kúrú sí i, síbẹ̀ kókó tí Màmá Àgbà ta kẹ́yìn fi àtẹ́lẹwọ́ kan gbáko kọjá ibi tó yẹ kó ti pàdé orí okùn. Bàbá Àgbà ti rù tó bẹ́ẹ̀. Bàbá Àgbà wo ìsàlẹ̀, ó wo kókó náà pẹ́, omi ń já bọ́ lójú rẹ̀ sórí ọwọ́ mi.

"Ká ní ó wà níbí ni," ni ó sọ níkẹyìn, "ariwo ló máa pa. Ó máa ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n máa sọ láàárín ìlú pé òun ò fún mi lóúnjẹ ni." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó yíjú sí Àǹtí. "Oúnjẹ tó o gbé wá lánàá, ṣé èyí tó kù wà?"

Àǹtí sáré lọ gbé oúnjẹ kaná. Èmi wá òwú pupa nínú àpótí Màmá Àgbà, mo ta kókó karùndínláàádọ́ta sí ibi tí ìbàdí rẹ̀ wà lóòótọ́ lọ́jọ́ náà. Ó gbé okùn náà kọ́ sórí ìṣó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó sì jókòó jẹun lábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò lò ju ọjọ́ kan lọ, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba bàbá lọ́wọ́ ọmọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba bàbá náà lọ́wọ́ gbogbo wa. Mo kọ́ ohun kejì tí kò sí nínú ìwé ìdánwò kankan: ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, a kì í tì í lẹ́yìn pé kó yára. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ là ń rìn, títí yóò fi sọ pé òun ti ṣe tán. Nígbà tí Gọ́gọ́rọ̀ tún wá kàwé, mo mú un wọ ṣọ́ọ̀bù, mo sọ ẹni tó ni okùn kọ̀ọ̀kan fún un. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Bàbá Àgbà ti ṣí máṣíìnì rẹ̀ báyìí. Ìṣó òfìfo ṣì pọ̀ lára ògiri, a sì jọ máa ń gbọn eruku wọn. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ní àyájọ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó dúró gbọnin níwájú mi, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo fi okùn yí i ní ìbàdí. Ìbàdí rẹ̀ ti fi ìka méjì kọjá kókó tí mo ta. Mo wojú rẹ̀ tìyanutìyanu.

"Bàbá," ni mo wí, "ẹ rọra máa jẹun o, okùn mi fẹ́ tán."